Ẹni Tó Ń Wá Lọ́jọ́ Jímọ̀

Nọ́ọ̀sì yọ orí síta lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Màmá, ó kàn yín. Ẹ fún ẹni tó bá yín wá ní ìborùn yín, kí ẹ máa bọ̀."

"Èmi nìkan ni mo wá lónìí, ọmọ mi," Àsíátù dáhùn.

Nọ́ọ̀sì náà wò ó bí ẹni tí wọ́n ń bá ṣàwàdà. "Ìyá tó jókòó tì yín yẹn ńkọ́?"

Àsíátù yíjú pẹ̀lẹ́. Òun nìkan ló ti wà lórí bẹ́ǹṣì onígi gígùn yẹn látàárọ̀, ó dá a lójú. Síbẹ̀, obìnrin kan jókòó tì í báyìí, ó ká ọwọ́ lé itan, ó ń wò ó. Àsíátù ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kankan. Bẹ́ǹṣì náà pàápàá, tó máa ń ké bí ẹnikẹ́ni bá fìdí lé e, kò ké.

Mọ́níkẹ́ ni.

"Ìwọ rèé?" Àsíátù bi í.

"Èmi ni. Mú ìborùn rẹ wá, wọ́n ń dúró dè ọ́."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo gbọ́ ni. Àsí, má sá. Wọlé."

Kò sẹ́ni tó ń pè é ní Àsí láyé yìí àfi Mọ́níkẹ́. Kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé òun fẹ́ sá. Láti ìgbà tí ó ti sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ náà ló ti pinnu pé òun ò ní wọ yàrá yẹn mọ́, pé bí àkókò bá tó, òun yóò jáde sẹ́nu géètì, òun yóò sọ fún ẹni tó gbé òun wá pé wọ́n ti ṣe é tán. Ó na ìborùn sí Mọ́níkẹ́. Ọwọ́ tó gbà á tutù bí ara ìkòkò omi. Àsíátù wọlé.

Oṣù keje ọdún 1982 ni, ní ilé ìwòsàn ńlá kan l'Ékòó. Nínú oṣù kejì ni Àsíátù ti rí kókó kan ní ọmú òsì rẹ̀ níbi tó ti ń wẹ̀ nílé ọkọ rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta. Kókó náà ò dùn ún, ìdí nìyẹn tí kò fi kà á sí. Nígbà tó yá, àwọn dókítà ní jẹjẹrẹ ni. Wọ́n gé ọmú náà. Nígbà tí ojú egbò jinná, wọ́n ní ó kù kó máa wá gba ìtànṣán, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, títí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yóò fi pé.

Iná ni àwọn aláìsàn ń pe ìtànṣán yẹn láàárín ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn ò ní rí iná kankan, ooru ò sì ní kàn án lára. Nọ́ọ̀sì ti fi tàdáwà aláwọ̀ àlùkò ya ìlà onígun mẹ́rin sí àyà rẹ̀ lápá òsì, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́ nù. Wọn á tẹ́ ẹ sórí tábìlì lábẹ́ ẹ̀rọ gàgàrà kan, gbogbo wọn á jáde, wọn á ti ilẹ̀kùn irin tó nípọn bí ògiri mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n lójú Àsíátù, ìgbà tí ilẹ̀kùn yẹn bá pa dé, ó dà bíi pé òun nìkan ló kù láyé. Obìnrin Ìjẹ̀bú kan tí wọ́n jọ máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ti dáwọ́ wíwá dúró. Nígbà tí Àsíátù béèrè rẹ̀, nọ́ọ̀sì sọ pé kó má da ara rẹ̀ láàmú, ó sì mójú kúrò.

Àwọn èèyàn rẹ̀ dúró tì í, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣéhù, ọkọ rẹ̀, tó ń ta fìlà àti ẹní ìkírun, a máa ti ìsọ̀ rẹ̀ pa gbogbo ọjọ́ Ajé kó lè bá a lọ. Òun ló ń pọnmi, òun ló ń fọ aṣọ tí omi egbò bá kán sí, á sá a sí ẹ̀yìnkùlé kí àlejò má bàa rí i. Abọ́sẹ̀dé ló ń bá a lọ ní Ọjọ́rú. Abọ́sẹ̀dé yìí, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ìsọ̀ òun àti ti Àsíátù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní Ìtọ̀kú níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ. Ó ti bá àwọn aláró yòókù sọ ọ́, nígbàkigbà tí wọ́n bá sì ń rẹ aṣọ tiwọn, wọn á rẹ ọ̀kan mọ́ ọn fún Àsíátù, kí ìsọ̀ rẹ̀ má bàa ṣófo kí àwọn oníbàárà sì rò pé ó ti kú.

Láwàlì, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló ń wakọ̀. Èrò ló ń fi ọkọ̀ Pijó rẹ̀ kó láti Abẹ́òkúta sí Èkó, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ìjókòó iwájú di ti Àsíátù. Ní ìpadàbọ̀, bí èébì bá gbé e láàárín Ewékorò àti Wásinmi, níbi tí eruku sìmẹ́ńtì ti sọ gbogbo ewé di funfun, tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń kù gìrì kọjá, Láwàlì á dúró, á bu omi fún un, á sọ fún àwọn èrò tó ń kùn lẹ́yìn pé, "Ẹ forí jì wá. Ìyàwó ilé wa ni."

Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló ṣòro. Ìyàwó Láwàlì ló kọ́kọ́ gba ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ó bímọ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Láwàlì á já Àsíátù sílẹ̀ lẹ́nu géètì, á lọ kírun, á padà wá gbé e lọ́sàn-án. Àsíátù ló sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n má da ara wọn láàmú, pé òun tó dá lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ náà sì ni Mọ́níkẹ́ wá.

Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún tí wọ́n ti ríra kẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ ìyá aláró kan náà ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, ìkòkò kan náà ni wọ́n jọ ń tọwọ́ bọ̀, débi pé àwọn oníbàárà kì í mọ iṣẹ́ ẹnì kìíní yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì. Wọ́n ti ṣàdéhùn pé àwọn yóò jọ gba ìsọ̀ kan ní Ìtọ̀kú, àwọn yóò sì jọ darúgbó síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àgbẹ̀ onírẹsì kan wá láti Ọ̀fàdà, ó ní Mọ́níkẹ́ lòun fẹ́, Mọ́níkẹ́ sì gbà. Àsíátù ò dé ibi ìgbéyàwó. Ó ti sọ fún un nídìí aró, lójú àwọn èèyàn, pé, "Bí o bá fi lè lọ, má fẹsẹ̀ kan ilé mi mọ́." Mọ́níkẹ́ nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó lọ. Ọ̀rọ̀ inú bíbí ni, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló ti ń dun ẹni tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìtìjú ò jẹ́ kó ránṣẹ́, ọdún sì ń gorí ọdún.

Nígbà tí Àsíátù jáde nínú yàrá ẹ̀rọ, ìborùn rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì, a ká a dáadáa. Mọ́níkẹ́ ti lọ.

Ó padà wá ní Jímọ̀ kejì, ó sì tún wá ní ìkẹta. Kò pẹ́ rí, kò sì dúró rí títí Láwàlì yóò fi dé. Òjò ló ń rọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, ẹrẹ̀ ti ba gbogbo ilẹ̀ ilé ìwòsàn jẹ́, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ Mọ́níkẹ́ mọ́ bíi ti ọmọ ọwọ́. Kò wọ bàtà. Bùbá àwọ̀sùn kan tó ti ṣá ló máa ń wọ̀, ó ró ìró mọ́ àyà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Lọ́jọ́ kan, apá kan irun orí rẹ̀ ni wọ́n dì, wọ́n fi apá kejì sílẹ̀ láìdì. Òórùn ìrẹsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀ máa ń ti ara rẹ̀ jáde, kì í sì í fẹnu kan ohunkóhun. Bí Àsíátù bá na ọsàn sí i, á ní, "Jẹ ẹ́ ìwọ. Ìwọ ló ń jagun."

Àsíátù ń rí gbogbo rẹ̀. Ó ń rò ó, ó sì ń gbé e kúrò lọ́kàn, nítorí ẹ̀rù tó ń bà á nípa yàrá yẹn ju ẹ̀rù mìíràn lọ, Mọ́níkẹ́ sì ni kò jẹ́ kó sá.

Ní Jímọ̀ kẹrin, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n ti ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àsíátù dijú. Lójijì, ó mọ ọwọ́ méjì lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n tutù. Wọ́n rọra di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, bí a ṣe ń di ẹsẹ̀ ọmọdé tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́ mú. Lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ dákẹ́, ilẹ̀kùn ṣí, nọ́ọ̀sì sáré wọlé.

"Ta ló wà nínú ibí? Mo rí ẹnì kan lójú gíláàsì tí a fi ń wò yín! Màmá, ẹ ò mọ̀ pé ó léwu ni?"

Ó wo abẹ́ tábìlì, ó wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ó jáde, ó tún ilẹ̀kùn tì. Omi ń ṣàn lójú Àsíátù wọ etí, kò sì lè sọ bóyá ti ẹ̀rù ni tàbí ti ìtùnú.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ó sọ fún Abọ́sẹ̀dé nínú mọ́tò. "O mọ̀ pé Mọ́níkẹ́ ń wá bá mi jókòó lọ́jọ́ Jímọ̀?"

"Mọ́níkẹ́ wo? Ti Ọ̀fàdà?"

"Òun ni."

Abọ́sẹ̀dé kọjú sí i. "Mo gbọ́ pé ara rẹ̀ ò yá," ló wá sọ, jẹ́jẹ́.

"Ara rẹ̀ yá. Ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀."

"Ìyẹn dáa." Abọ́sẹ̀dé kọjú sí fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọ orin ìsìn, kò sì dá a dúró títí wọ́n fi wọ Èkó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé. Nígbà tí dókítà yẹ àyà rẹ̀ wò, ó pe dókítà kejì kó wá wò ó. Àwọn yòókù tó ń gba iná, awọ àyà wọn ti dúdú, ó ti bó. Ti Àsíátù ń dán. Yàtọ̀ sí ìlà tàdáwà, èèyàn ò ní mọ̀ pé ohunkóhun kàn án. "Màmá, kí lẹ fi ń pa á?" dókítà bi í. Ó ní òun ò fi nǹkan kan pa á. Wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta fún àyẹ̀wò.

Lọ́sẹ̀ yẹn, Àsíátù padà sídìí aró fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ aṣọ kan, ó sá a, ó lù ú títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Ó sọ fún Ṣéhù pé òun fẹ́ gbé e lọ fún Mọ́níkẹ́ l'Ọ́fàdà, kí òun sì tọrọ àforíjì tí òun ò rẹ́nu tọrọ lórí bẹ́ǹṣì. Ṣéhù ní, "Ó ti yẹ kó o lọ tipẹ́, Ìyá Sàlàhú." Láwàlì gbé e gba Ṣíun àti Owódé. Oòrùn ń ràn dáadáa nígbà tí wọ́n dé.

Ọmọbìnrin bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan ń fẹ́ ìrẹsì níwájú ilé. Ó kúnlẹ̀. Abíọ́nà lorúkọ rẹ̀, ọmọ Mọ́níkẹ́ ni.

"Ìyá rẹ ńkọ́?" Àsíátù bi í. "Sọ fún un pé Àsíátù ti Ìtọ̀kú ló wá dúpẹ́."

Ọmọ náà ò dìde. Ó tẹjú mọ́ ọn. "Ẹ̀yin ni Ìyá Àsíátù?" Lẹ́yìn náà, ó ní, "Ọpẹ́ kí ni, mà?"

"Ti Èkó tó máa ń wá, lọ́jọ́ Jímọ̀."

"Èkó?" Abíọ́nà gbé atẹ́ ìrẹsì sílẹ̀. "Mà, ẹ̀gbà ti mú màmá mi láti ọdún méjì sẹ́yìn. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọn ò dé ẹnu ọ̀nà yìí rí láti ìgbà náà, àfi tá a bá gbé wọn."

Láwàlì, tó ń bọ̀ lẹ́yìn, dúró sójú kan.

Inú yàrá náà mọ́ tónítóní. Mọ́níkẹ́ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wọ bùbá àwọ̀sùn tó ti ṣá yẹn. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan. Ó rù ju ẹni tó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì lọ. Abíọ́nà rọra ń sọ̀rọ̀, bí ẹni pé kò fẹ́ kí ògiri gbọ́. Ó ní àwọn obìnrin tó ń wá ra ìrẹsì lọ sí Abẹ́òkúta ló sọ̀rọ̀ àìsàn Àsíátù níbẹ̀ nínú oṣù keje. Ìyá òun sunkún gbogbo ọjọ́ náà. Láti Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sun oorun kan tí wọn ò lè jí i. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, á dijú, ara rẹ̀ á tutù, kò ní jí títí di ọ̀sán. Lọ́jọ́ kan, òun ń di irun fún un lọ́wọ́, ó sùn lọ, òun ò lè dì í tán. Ẹ̀rù bà wọ́n títí ó fi mọ́ wọn lára.

"Ṣùgbọ́n èyí ni ò yé wa, mà," Abíọ́nà ní. "Omi gbígbóná ò dà sí wọn lára. Iná ò jó wọn."

Ó ká bùbá ìyá rẹ̀ sókè. Ní àyà òsì, ojú kan wà tó dúdú bí aṣọ tó pẹ́ jù nínú aró, tó ti bó, tó ń jinná bọ̀. Onígun mẹ́rin ni. Etí rẹ̀ gún régé bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fà á.

Àsíátù fi ọwọ́ kan àyà tirẹ̀ láti òkè aṣọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Mọ́níkẹ́ lajú. Ó wò ó pẹ́. Ẹnu rẹ̀ jà fún un, ó jà fún un, ọ̀rọ̀ kan jáde. "Àsí."

Abíọ́nà fi ọwọ́ bo ẹnu. Láti oṣù mélòó kan, ìyá rẹ̀ ò tíì pe orúkọ ẹnikẹ́ni.

"Forí jì mí," Àsíátù ní. "Ọ̀rọ̀ burúkú tí mo sọ lọ́jọ́sí, tí mo ní kó o má fẹsẹ̀ kan ilé mi..."

"Wọ́n gbìyànjú láti wá nígbà kan o, mà," Abíọ́nà sọ láti ẹ̀yìn. "Ìgbà tí oyún mi wà nínú wọn. Wọ́n ní ilé yín l'Ábẹ́òkúta làwọn fẹ́ bímọ sí, kí ẹ lè gbé ọmọ náà. Ọ̀nà Ṣíun ni ìrọbí ti mú wọn. Ìdí tí wọ́n fi ń pè mí ní Abíọ́nà nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ń tì wọ́n."

Àsíátù sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí Láwàlì jáde síta. Nígbà tó dákẹ́, ó di ọwọ́ Mọ́níkẹ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ mú. "Gbọ́. Wọ́n ní kí n padà wá loṣù kọkànlá fún àyẹ̀wò. Mo bẹ̀ ọ́, má wá. O ti jóná tó."

Mọ́níkẹ́ dijú.

Fún oṣù méjì àti ààbọ̀, Àsíátù ń lọ s'Ọ́fàdà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ń fi òrí pa ojú iná náà, ó ń dirun fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìtọ̀kú láti ọdún mẹ́tàdínlógún fún un. Nígbà gbogbo tó bá fẹ́ kúrò, á bẹ̀ ẹ́ pé kó má wá. Mọ́níkẹ́ ò ṣèlérí rí.

Nígbà tí àyẹ̀wò ku ọjọ́ mẹ́ta, Àsíátù pe ọkọ rẹ̀ àti Abọ́sẹ̀dé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Abọ́sẹ̀dé ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn béèrè pé, "Bẹ́ǹṣì náà gùn tó èèyàn mélòó?"

"Mẹ́jọ," Àsíátù ní.

Ọjọ́ àyẹ̀wò náà bọ́ sí Jímọ̀. Ṣéhù wá, Abọ́sẹ̀dé wá, Láwàlì wá, ìyàwó rẹ̀ wá tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Sàlàhúdíìnì, ọmọ Àsíátù tó ń kàwé ní Ìlọrin, wọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kó lè débẹ̀. Aláró mẹ́ta láti Ìtọ̀kú tẹ̀ lé wọn, ọwọ́ wọn ṣì dúdú fún aró. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà léjìká léjìká, kò sí ibi tí ìka ọwọ́ lè gbà láàárín wọn. Àsíátù fúnra rẹ̀ dúró.

Nọ́ọ̀sì jáde. Ọ̀kan náà ni. Ó wò wọ́n, ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ṣé ìpàdé ìlú ni?" Lẹ́yìn náà, ó wo apá ibi tí bẹ́ǹṣì parí sí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀ fún màmá tó wà lórí ìdúró yẹn, ó rẹ̀ wọ́n."

Gbogbo wọn yíjú. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Òórùn ìrẹsì bíbọ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kọjá, wẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn aláró fẹ́ dìde.

"Ẹ má sún," Àsíátù ní. Ohùn rẹ̀ le. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kankan ò gbọdọ̀ sún."

Wọn ò sún. Ṣéhù di ọwọ́ Abọ́sẹ̀dé mú, Abọ́sẹ̀dé di ti ẹni tó kàn án mú, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ títí dé òpin bẹ́ǹṣì. Àsíátù dá wọlé. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó dì í lẹ́sẹ̀ mú, kò sì wo ilẹ̀kùn. Nígbà tó jáde, dókítà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó sọ fún gbogbo wọn pé àwọn ò rí nǹkan kan mọ́, kó máa lọ máa jẹun, kó tún wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ṣéhù, tí kì í sunkún lójú èèyàn, fi fìlà bojú.

Wọn ò yà sílé. Ọ̀fàdà ni wọ́n forí lé tààrà, Láwàlì níwájú, ọkọ̀ kejì tí wọ́n háyà lẹ́yìn. Abíọ́nà sáré jáde wá pàdé wọn.

"Wọ́n sùn láàárọ̀ yìí," ó ní. "Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé ó tún ti dé. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi lajú, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Wọn ò tíì dá ẹ̀rín náà dúró."

Wọ́n ti fi ìrọ̀rí gbé Mọ́níkẹ́ ró kó lè rí ọ̀nà. Àsíátù kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí bùbá rẹ̀ wò. Awọ tuntun ti bo gbogbo ojú iná náà, kò sí ọgbẹ́ tuntun.

"Wọn ò rí nǹkan kan mọ́," ó sọ fún un. "Ó ti lọ."

Mọ́níkẹ́ mi orí. Ó wo àwọn tó dúró kún ẹnu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ti rí wọn rí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹnu rẹ̀ tó wọ́ jà díẹ̀. Gbogbo wọn sún mọ́ ọn kí wọ́n lè gbọ́.

"Mo dé 'bẹ̀," ó ní. "Àyè ò sí."